Ṣé korobá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló máa mú kí ilé wa ní Àjàṣẹ́ máa tún ìdọ̀tí lò?

Ìbéèrè láti Tokpota, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi tó ń gbé ní Cardiff, ní Wales, fi fọ́tò iwájú ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Àpótí kan wà fún ìgò, àpò kan fún ike àti agolo, òmíràn fún ìwé, korobá kékeré kan sì wà fún èèpo àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Ó ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn ló ń wá kó gbogbo rẹ̀, pé ní gbogbo Wales, nínú 100 kílò ìdọ̀tí tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ bá kó, èyí tó lé ní 65 ni wọ́n ń rí tún lò. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, inú àpò ìrẹsì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ṣé mérì, olórí ìjọba ìlú wa, ni kò ṣe tó, àbí àwa èèyàn Àjàṣẹ́ la ya ọ̀lẹ? Ẹ má bínú sí mi, ẹ ṣáà dáhùn."

* * *

Èmi ò bínú, àmọ́ mi ò gbà pé ọ̀lẹ ni wá. Mi ò sì gbà pé korobá la ò ní.

Ẹ da àpò ìrẹsì yẹn sílẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀. Ṣé ẹ rí ìgò bíà níbẹ̀? Ẹ ò lè rí i. Owó ìgò wà lórí rẹ̀, ó ti padà sínú kéèsì lọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Ìgò ọtí líle ńkọ́? Ó ti dọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́pà, tàbí ẹni tó ń ta kpayo, epo mọ́tò tó ń wá láti Nàìjíríà, létí títì. Kẹ́ẹ̀gì òróró kì í dé ààtàn nílùú yìí rárá. Agolo mílíìkì ti di ohun tí wọ́n fi ń wọn gaàrí. Agolo ohun mímu, àwọn ọmọ ti ṣà á lọ tà, ọwọ́ àwọn tó ń yọ́ alumíníọ̀mù di ìkòkò ni yóò sì dé níkẹyìn. Páànù tó jò, irin tó dógùn-ún, férémù kẹ̀kẹ́ tó ṣẹ́, gbogbo wọn ló ní oníbàárà, àwọn tó ń rà wọ́n sì ń pariwo kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa láràárọ̀.

Ohun tó ṣẹ́ kù sínú àpò náà ni èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé àkàsà, èèpo ọsàn, ìfun ẹja, eérú, iyanrìn tí a fi ìgbálẹ̀ gbá mọ́ ọn, àti ọ̀rá. Ọ̀rá ọ̀rá.

Ìwọ̀n kílò ni Wales fi ń ṣe ìṣirò tí àbúrò yín sọ. Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ bá kó ló ń wọ inú ìwé wọn. Ní ti wa, èyí tó lówó lórí nínú ìdọ̀tí ti jáde nílé kí ọkọ̀ tó dé, kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ síbì kan. Tí mérì Àjàṣẹ́ bá gbé ìwé tirẹ̀ kalẹ̀ lónìí, á dà bíi pé a kì í tún nǹkan kan lò. Irọ́ ni ìwé náà á máa pa.

Nítorí náà, ibi tí mo dúró sí rèé, kí n sọ ọ́ kí ẹ lè rí ohun bá mi jà lé lórí: ẹ fi ohun gbígbẹ sílẹ̀ fún àwọn tó ti ń rà á. Ohun tútù, èyí tó ń jẹrà, ni kí mérì wá gbà lọ́tọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa, ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀. Òun ló wúwo jù. Òun náà ló ń ba ìyókù jẹ́.

* * *

Ẹni kan dá mi lóhùn pé ìdọ̀tí ni mò ń gbèjà. Ó ní àwọn tó ń ra ìgò yẹn ń yan ohun tó wù wọ́n ni, pé ọjọ́ tí ọjà bá rọ̀, wọn kì í wá.

Òótọ́ ni. Ní 2023, nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí kpayo sì wọ́n gógó, àwọn tó ń tà á dín kù ní àdúgbò wa, ìgò sì sùn sílé fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, nígbà yẹn, ṣé ẹ rí ẹni tó da ìgò sínú gọ́tà? Wọ́n kó o sí igun ilé ni, wọ́n ń retí. Ohun tó bá lówó lórí, èèyàn á fi pa mọ́. Àwọn ará Jámánì mọ èyí, ni wọ́n fi gbé 25 sẹ́ǹtì lé ìgò àti agolo ohun mímu tí kì í padà sílé ọtí ní 2003. Ẹni tó bá dá a padà á gba owó rẹ̀. Àwa ti ń ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò bíà tipẹ́.

Tí mérì bá fẹ́ ran àwọn obìnrin tó ń ru ìgò kiri lọ́wọ́, kó fún wọn ní àyè tó ní òrùlé létí ọjà, ní Wàǹdó tàbí ibòmíràn, níbi tí wọ́n á ti máa wọn ohun tí wọ́n rà kí wọ́n tó tà á fún alágbàtà. Òṣùwọ̀n kan, ìwé kan. Ìgbà náà ni iye tiwa máa hàn. Kí ó má ṣe gbé ọkọ̀ wá bá wọn du ìgò o. Tó bá gba oúnjẹ ẹnu wọn, wọn ò ní kọjá lójú ọ̀nà wa mọ́, ọkọ̀ náà kò sì ní wá láràárọ̀ bíi tiwọn.

* * *

Bàbá kan béèrè pé ta ni òfin gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ gan-an, nítorí ó ti sú òun kí wọ́n máa dárí òun láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Bàbá, òfin 97-029 ti oṣù Kìíní ọdún 1999, èyí tó dá àwọn kọ́mùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wa, sílẹ̀ bí a ṣe mọ̀ wọ́n yìí, ló fi kíkó ìdọ̀tí ilé àti bíbójú tó o sí ọwọ́ kọ́mùnù, kí òfin mìíràn tó rọ́pò rẹ̀ ní 2021. Ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ńlá ni kò sí nínú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ló ń fi ọmọlanke àti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kó o nílé, tí wọ́n ń gba owó oṣooṣù. Ní 2018, ìjọba dá SGDS, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ìdọ̀tí àti ìmọ́tótó, sílẹ̀ fún ìlú márùn-ún tó wà ní ìtòsí ara wọn: Kútọnu, Abomey-Calavi, Àjàṣẹ́, Sèmè-Podji àti Ouidah. Kétu àti Ṣábẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mérì tiwọn ni ọ̀rọ̀ tiwọn wà.

Mo ti bá ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yẹn gba owó ní Ògánlá kí SGDS tó dé. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kì í kọ̀ láti sanwó nítorí pé owó pọ̀. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé wọ́n sanwó, kẹ̀kẹ́ ò wá. Wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó di Ọjọ́rú, ó di Ọjọ́bọ̀, kòkòrò ti ń jáde nínú àpò. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà, àpò ọ̀hún á di ohun àwátì. Lówùúrọ̀, ẹ lọ wo gọ́tà.

Ẹni tí kẹ̀kẹ́ kò wá bá lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ẹ má wulẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ yíya ìdọ̀tí sọ́tọ̀. Ẹ óò kàn bí i nínú ni.

* * *

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé pé òun ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Korobá méjì, ìyàwó òun fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára. Ọmọ tó ń kó ìdọ̀tí dé, ó da méjèèjì pọ̀ sínú kẹ̀kẹ́ kan náà lójú wọn. Ìyàwó fi korobá kejì pọn omi látọjọ́ náà.

Àbúrò, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nílé wa. Ìdí tí mo fi sọ pé korobá kọ́ la ò ní nìyẹn. Àwọn tó bá fẹ́ràn ayé á wá pín korobá fún wa, wọ́n á ya fọ́tò, redíò á sọ ọ́. Kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀ wá kó o, ikùn kan ló ní. Kí lọmọ yẹn fẹ́ ṣe? Kó fi ọwọ́ gbé èèpo sí ọ̀tún, kó fi ẹsẹ̀ ti ọ̀rá sí òsì?

Àwọn kan dá a lábàá pé kí mérì ra kẹ̀kẹ́ oníyàrá méjì. Ó dáa, àmọ́ owó ni, tí yàrá kan bá sì kún ṣáájú èkejì, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Èmi rò pé ọjọ́ ni ká pín, ká fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan náà, awakọ̀ kan náà: ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ohun tó ń jẹrà nìkan ló máa gbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa gba ìyókù. Tí ẹ bá gbé ọ̀rá síta lọ́jọ́ Ajé, kó fi í sílẹ̀ fún yín lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn aládùúgbò rí i. Ìtìjú á ṣe ju owó ìtanràn lọ ní ìlú yìí.

Ó kù ibi tó ń kó o lọ. Tó bá kó èèpo lọ́jọ́ Ajé tó sì lọ dà á sórí òkìtì kan náà pẹ̀lú ti Àbámẹ́ta, eré la ń ṣe.

* * *

Lórí ibi tó ń lọ yìí, ìyá kan láti Àtakẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ ò retí. Ó ní Mùsùlùmí làwọn nílé àwọn, òun ò sì ní ya èèpo sọ́tọ̀ kí wọ́n lọ fi bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ yí wa ká lóòótọ́, àwọn ló sì ń tètè wá gba oúnjẹ tó ṣẹ́kù. Tí ilé kan bá rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, wọn ò ní yà á, wọn ò sì ní sọ ìdí fún mérì. Ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́. Àmọ́ nílé yín kan náà, ta ló ń jẹ èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́? Ṣebí àgbò tí ẹ so mọ́lẹ̀ de ọdún Iléyá ni. Ewúrẹ́ àti àgùntàn ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún wa láìgba owó oṣù. Kí èèpo tútù tó mọ́ tọ́ ẹran lọ, kí ìyókù di ajílẹ̀.

Ajílẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní Àjàṣẹ́. Wàǹdó níbí ni oko Songhaï wà, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Ìgbẹ́ ẹran wọn ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, ìyókù rẹ̀ di ajílẹ̀, ohun tí a máa pè ní ìdọ̀tí sì di oúnjẹ fún ìdin tí wọ́n fi ń bọ́ ẹja àti adìẹ. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Àwa tó jẹ́ pé zémì (ọ̀kadà) kan ló máa gbé wa débẹ̀, a jókòó, a ń wo fọ́tò Cardiff.

Ẹni kan wá ní kí mérì kúkú kó gbogbo èèpo ìlú fún Songhaï. Rárá o. Oko àti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n, ìdọ̀tí inú oko wọn ni wọ́n ń tún lò, wọn kì í ṣe ààtàn ìlú. Ọgbọ́n wọn ni ká mú. Òkìtì ajílẹ̀ kì í béèrè ẹ̀rọ ńlá: ilẹ̀ tó ga tí àgbàrá òjò ò lè gbé lọ, ibòji, ewé gbígbẹ tí wọ́n ń tẹ́ láàárín ohun tútù kó má baà rùn, omi díẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àti ẹni tó máa fi ṣọ́bìrì yí i lóòrèkóòrè kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́. Á gbóná fúnra rẹ̀. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti di ilẹ̀ dúdú.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí ọ̀sà ò ní rà á tí fọ́ọ̀mù, ọ̀rá àti àfọ́kù ìgò bá wà nínú rẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí mi, ó fi àpá hàn mí. Ọwọ́ ló fi ń tú ilẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi ń rìn ín. Ibi tí yíyà á sọ́tọ̀ *nílé* ti ṣe pàtàkì nìyẹn: èèpo tó bá ti bá bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti pámpásì sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sí ẹni tó máa ṣà á mọ́, kò sì sí ẹni tó máa fi gbin ẹ̀fọ́ gbọ̀mọ̀.

* * *

Kétu náà ti dé o. Ẹ̀gbọ́n kan láti ibẹ̀ ní àwa ará Àjàṣẹ́ ń yọ ara wa lẹ́nu, pé àwọn ò ní ìṣòro yìí, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo ìdọ̀tí àwọn ń lọ, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, àgbàdo á hù níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ ti wo ẹ̀yìnkùlé yín gbẹ̀yìn? Ààtàn àtijọ́, ewé àti eérú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ ló wà níbẹ̀, òótọ́ ni pé oko ló máa ń dà. Ti ìsinsìnyí, ẹ fi ọkọ́ kàn án, ọ̀rá dúdú ló máa tẹ̀ lé ọkọ́ jáde. Omi kì í wọlẹ̀ níbi tí ó bá pọ̀ sí, gbòǹgbò kì í là á kọjá. Ẹni tó bá sì dáná sun ún láti fi gba ara rẹ̀, èéfín yẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń fà símú.

Ẹlòmíràn kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ pé màlúù ló ń dùn wọ́n. Ó ní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko bá tán, àwọn màlúù tó ń kọjá máa ń jẹ ọ̀rá tí iyọ̀ tàbí oúnjẹ wà lára rẹ̀, alápatà á sì bá odidi ìdì ọ̀rá nínú ikùn. Àwọn alápatà ní Àjàṣẹ́ náà ń sọ ọ́.

Òfin wà lórí ọ̀rá. Òfin 2017-39, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2017, kò fàyè gba kí wọ́n ṣe é, kó o wọlé, tà á tàbí lò ó, àfi irú èyí tó lè jẹrà. Ẹ lọ sí ọjà Wàǹdó lọ́la kí ẹ ra tòmátì, kí ẹ wá sọ fún mi ohun tí wọ́n bá fi wé e fún yín.

Mi ò dá àwọn ìyá ọlọ́jà lẹ́bi. Ewé tí wọ́n fi ń wé àkàsà ń wọ́n, ọ̀rá ò wọ́n. Oníbàárà tó gbé ọwọ́ lásán wá sọ́jà ló ń béèrè ọ̀rá. Ní Wales, láti 2011 ni ẹni tó bá fẹ́ ọ̀rá ní ilé ìtajà ti ń san owó díẹ̀ lé e, pẹ́nì márùn-ún péré nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì padà sí àpò tiwọn. Níbí, ọ̀rá ṣì ni ẹ̀bùn. Kò sí korobá tó máa gba ọ̀rá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bí kò bá sí ẹni tó ń rà á. Tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí, kì í ṣe ti akólẹ̀ mọ́, ti ẹnubodè àti ti ọjà ni. Ẹ jẹ́ ká padà sílé.

* * *

Ọ̀rọ̀ owó ló gba àkókò jù. Àwọn kan fẹ́ kí mérì sanwó fún ilé tó bá ya ìdọ̀tí rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí ó bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò bá yà á. Ẹnì kan tilẹ̀ ní kí ọlọ́pàá wọ̀ ọ́.

Ẹ gbọ́ bí Wales fúnra rẹ̀ ṣe ṣe é, torí fọ́tò kì í sọ èyí. Òfin wọn ti 2010 gbé iye kalẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ìdá 52 nínú 100 ní 2012-13, 58 ní 2015-16, 64 ní 2019-20, 70 ní 2024-25. Ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá dé ibẹ̀ lè san £200 lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó fi dín. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tí pàṣán ń bá. Kì í ṣe ìyá tó ń gé iṣu. Nígbà tí òfin mú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gba oúnjẹ tó ṣẹ́kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí ọjọ́ kíkó ìyókù jìnnà síra. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Conwy, láti 2018, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ń kó korobá ìyókù. Àyè tán nínú rẹ̀, àwọn èèyàn bá ya ìdọ̀tí wọn.

Apá kìíní èyí, mo fọwọ́ sí i. Apá kejì, ẹ má gbé e wá síbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ooru Àjàṣẹ́, pẹ̀lú pámpásì? Gọ́tà ló máa kún, òjò oṣù Kẹfà á wá kó gbogbo rẹ̀ wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀. Òtútù ló ń bá wọn tọ́jú tiwọn.

Ní ti owó, èmi fẹ́ràn kí wọ́n dín owó oṣooṣù kù fún agbo ilé tó bá ń gbé ohun tútù síta ní mímọ́. Agbo ilé ni mo sọ, mi ò sọ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Ìdílé mélòó ló ń gbé inú àgbàlá kan ní Ògánlá? Tí ẹ bá dín owó gbogbo wọn pọ̀, àwọn ni wọ́n á máa ṣọ́ ara wọn. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lágbára ju ọlọ́pàá lọ.

* * *

Ìyá kan béèrè nípa òórùn àti eṣinṣin, òun nìkan ló béèrè ohun tó kan ilé ìdáná gan-an.

Mà, ẹ kọ́kọ́ ro omi inú rẹ̀ dànù. Omi ọbẹ̀ àti omi ẹja ló ń rùn, èèpo fúnra rẹ̀ kì í tètè rùn. Ẹ fi eérú díẹ̀ wọ́n orí rẹ̀ lálaalẹ́. Kó má ṣe pọ̀ jù, torí eérú àpọ̀jù kò dára fún ajílẹ̀. Ìfun ẹja, ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ewé wé e kí ẹ tó sọ ọ́ sí i. Ẹ bo korobá, kí ẹ gbé òkúta lé ìdérí nítorí ewúrẹ́. Kí ó má ju agbára ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ láti gbé, torí ọmọ ló máa gbé e jáde, ẹ̀yin náà mọ̀.

Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má gbá iyanrìn sínú rẹ̀.

* * *

Iyanrìn yẹn dá ìjà sílẹ̀. Ìyá náà padà wá, ó ní ṣé kí òun má gbá àgbàlá òun mọ́ ni, pé obìnrin tí kò gbá àgbàlá láàárọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ máa pè é.

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má gbá a, mà. Mo ní kí iyanrìn dúró sí àgbàlá. Ẹ gbá ewé àti ọ̀rá jọ, kí ẹ fi ajere tàbí agbọ̀n tó lu gbọn iyanrìn padà sílẹ̀. Àgbàlá àwọn kan ti gbẹ́ sísàlẹ̀ débi pé ìpìlẹ̀ ilé ti yọ síta, ìgbálẹ̀ ló ṣe é. Epo tí kẹ̀kẹ́ ń jó, ó fi ń gbé iyanrìn tiwa kiri ìlú ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ìdọ̀tí wa, iyanrìn ló máa jẹ́ kí iye tiwa kéré, torí ó wúwo, kò sì sí ẹni tó ń tún un lò.

Ẹnì kan ní iyanrìn yẹn ṣeé fi kún kòtò ojú ọ̀nà. Mo gbà, tí kò bá sí àfọ́kù ìgò nínú rẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè láti Tokpota ti padà wá: "Ó dáa. Mo gbọ́. Kí ni kí n wá ṣe, nígbà tí mérì ò tíì pín ọjọ́?"

Ẹ má dúró de mérì fún èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó yí yín ká sọ̀rọ̀, kí ẹ rí ẹni kan tó ń sin àgùntàn tàbí tó ń gbin ẹ̀fọ́, kí ó máa wá gba èèpo ní ọjọ́ tí ẹ jọ dá. Tó bá yẹ ọjọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ olórí àdúgbò, ẹ má lọ ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ má sọ fún un pé ẹ fẹ́ korobá. Ẹ sọ pé ẹ ti ń ya ohun tútù, pé ẹ fẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ tirẹ̀ fún un, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ náà sára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n máa dà á sí kí ẹ tó dúpẹ́. Tó bá ní òun á jíṣẹ́ fún mérì, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa padà wá gbọ́ èsì.

Ẹ̀yin tó wà ní Djassin àti Àtakẹ́, ẹ kọ ọ́ síbí: ọjọ́ wo ni kẹ̀kẹ́ ń dé ọ̀dọ̀ yín, ṣé ó sì ń dé lọ́jọ́ náà lóòótọ́? Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí n tó lọ rí olórí àdúgbò tiwa.